Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Tó Kẹ́yìn: Bí A Ṣe Ń Gba Sókótó Wálé

Ìrìn-àjò olówó kékeré kì í sábà bàjẹ́ níbẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, ojú arìnrìn-àjò là sílẹ̀ kedere: ó ń ka owó rẹ̀ lálaalẹ́, ó ń bi ènìyàn mẹ́ta léèrè kó tó wọ ọkọ̀ kan, kì í sì í mu omi tí kò mọ ibi tí wọ́n ti pọn ọ́n. Ìparí ni nǹkan ti máa ń yíwọ́. Ara ti rẹ̀ ẹ́, owó ti ń tán, ó sì ti ń rò ó lọ́kàn pé kò sí ohun tí ojú òun kò rí tán. Ìgbà yẹn gan-an ni fóònù ń sọnù, tí ìwé ìrìnnà ń bọ́ sínú omi, tí inú rírun ń dá ènìyàn dùbúlẹ̀ ní ìlú tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí orí yìí wà fún ni ọ̀dọ́ tó gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, tó gba Kútọnu lọ sí Lomé, bóyá tó yà sí Gánà tàbí Burkina Faso, tó wá bá ara rẹ̀ ní Niamey nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó gbọ́dọ̀ wà nílé. Ìmọ̀ràn mi fún un kò gùn: má fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ka ìlú kún ìlú. Lo ọ̀sẹ̀ kan láti jáde kúrò ní Niger wọ́ọ́rọ́wọ́, jókòó sí Sókótó fún bí ọjọ́ mẹ́wàá, kí o wá fi èyí tó kù wálé. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gba Sókótó kọjá kò mọ̀ níbẹ̀ ju gáréèjì lọ, àdánù ńlá sì ni. Náírà ń ná níbẹ̀, síìmù rẹ ń ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tí yóò bi ọ́ ní físà, síbẹ̀ ojú rẹ yóò sọ fún ọ pé o kò tíì délé.

Ìdí tí ọ̀nà fi gba Konni

Tẹ́lẹ̀ rí, ẹni tó bá ń ti Niamey bọ̀ wá sí ilẹ̀ Yorùbá á gba Gaya, á sọdá Odò Ọya sí Malanville, á wá máa sọ̀kalẹ̀ bọ̀ láti Parakou. Àwọn ológun gbàjọba ní Niamey ní oṣù keje ọdún 2023, ECOWAS fi ìjìyà ọrọ̀-ajé jẹ Niger, wọ́n sì ti àwọn ẹnubodè pa. Nígbà tí ọdún 2024 dé, Benin ṣí tirẹ̀, ṣùgbọ́n Niger kọ̀, kò ṣí ti Gaya. Ti Nàìjíríà kò rí bẹ́ẹ̀: Ààrẹ Bola Tinubu pàṣẹ ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta 2024 pé kí wọ́n ṣí ẹnubodè wa pẹ̀lú Niger. Bí ọ̀nà ilé ṣe yí sí Birni N'Konni àti Illela nìyẹn.

Niger, Mali àti Burkina Faso jáde kúrò nínú ECOWAS ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní 2025. Ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà pé físà ti dé. ECOWAS ní kí àwọn orílẹ̀-èdè tó kù ṣì máa gba ìwé ìrìnnà tó ní àmì àjọ náà lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀, àwọn mẹ́ta náà sì ti kéde pé ọmọ ECOWAS lè wọlé sọ́dọ̀ àwọn láìgba físà. Síbẹ̀, òfin lè yí padà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ilé-iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà wà ní Niamey. Yà síbẹ̀ kí o tó múra ọ̀nà. Ibẹ̀ náà ni o ti lè gba ìwé pàjáwìrì tí ìwé ìrìnnà rẹ bá sọnù, ìdí mìíràn nìyẹn tí kò fi dára kí o kánjú kúrò ní olú-ìlú.

Kò yẹ kí ìwé atọ́nà fi ọ̀rọ̀ ààbò pamọ́ nítorí kí ìrìn-àjò lè dùn létí. Inú ìlú Sókótó fara balẹ̀ ju ìgbèríko rẹ̀ lọ fíìfíì. Àwọn agbébọn ti sọ Isa, Sabon Birni, Goronyo àti Rabah di ibi tí àlejò kò gbọdọ̀ yà sí. Ní apá kejì, ní Tangaza, Gudu, Binji àti Silame, àwọn Lakurawa ni wọ́n ń da àwọn ará abúlé láàmú. Ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Abuja pè wọ́n ní ẹgbẹ́ apániláyà ní oṣù kìíní 2025. Ọ̀nà Illela gba àárín ẹkùn méjèèjì yìí kọjá. Ní ìhà Niger, Tillabéri kò ṣe é yà sí rárá, ọ̀nà Dosso náà sì ń fẹ́ ìṣọ́ra.

Nítorí náà, ojúmọmọ nìkan ni kí o rìn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, lọ sí gáréèjì kí o béèrè bí ọ̀nà ṣe rí lọ́wọ́ àwọn tó ń ru alùbọ́sà àti ẹran lọ, tí wọ́n ń ru u bọ̀. Ẹrù wọn ju àpò rẹ lọ, wọn kì í fi í ṣeré. Bí àwọn kò bá lọ, má lọ. Bí ọ̀nà bá dí pátápátá, padà sí Niamey kí o wá bàálù tó gba Lomé. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Owó

Bàálù yẹn ni a ó fi wọn owó. Kí o tó kúrò ní Niamey, pín ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ sí méjì. Apá kan jẹ́ ti oúnjẹ, ọkọ̀ àti ibùsùn. Apá kejì ni owó tí o kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn: iye tó tó tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ọ̀nà kan láti ibi tí o bá wà dé ilé. Ọ̀pọ̀ ìwé ní kí ènìyàn fi owó ọkọ̀ pamọ́. Mi ò gbà. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá ń lọ, ènìyàn á rí owó ọkọ̀ yá. Ọjọ́ tí ọkọ̀ kò bá lọ gan-an ni owó ìpamọ́ ń ṣiṣẹ́. Bí o bá rí i pé owó rẹ kò lè pín sí méjì bẹ́ẹ̀ mọ́, ìrìn-àjò ti parí nìyẹn, ì báà ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ì báà ku márùn-ún. Múra ilé.

Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ pé o ń lọ sí Sókótó ni yóò pa òwe ṣòkòtò fún ọ. Gbà á ní ìmọ̀ràn: pe ọ̀kan nínú àwọn télọ̀ tó ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lé èjìká kiri, kó rán àpò pẹlẹbẹ sí inú ṣòkòtò rẹ lápá ìbàdí, kí o kó owó ìpamọ́ náà síbẹ̀.

Iye owó sẹ́fà so mọ́ yúrò: 655.957 sẹ́fà ni yúrò kan, kì í lọ sókè sódò bíi náírà. Fi owó ìpamọ́ sílẹ̀ ní sẹ́fà tàbí dọ́là títí o fi dé Sókótó, kí o sì pààrọ̀ èyí tó tó ọjọ́ méjì péré ní ẹnubodè. Pààrọ̀ rẹ̀ níbi tí o ti lè jókòó ka owó, má ṣe é lórí ìdúró, má sì jẹ́ kí ẹlòmíràn bá ọ kà á. Owó irin ni kí o ná tán ní Konni. Fi ra tíì, búrẹ́dì àti omi. Ní Nàìjíríà, àwọn oní-POS á yọ ọ́, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ fún ọjọ́ kan gbáko, nítorí náà máa ní náírà ọjọ́ méjì lọ́wọ́.

Konni, Illela

Láti Niamey, ọkọ̀ ńlá bíi ti Rimbo tàbí SNTV máa ń tètè gbéra láàárọ̀ kùtù. Ó lé ní 400 kìlómítà dé Konni, o ó sì gba Dosso àti Dogondoutchi. Sùn ní Konni. Àwọn kan máa ń fẹ́ sọdá lálẹ́ ọjọ́ náà kí wọ́n lè fi owó ilé ìtura pamọ́. Owó tí wọ́n ń fi pamọ́ kò tó ohun tí wọ́n ń fi wewu. Lówùúrọ̀, ọ̀kadà yóò gbé ọ dé ẹnubodè, kò jìnnà.

Gba òǹtẹ̀ ìjáde ní ọ́fíìsì Niger, kí o sì gba òǹtẹ̀ ìwọlé lọ́wọ́ àwọn Immigration wa ní Illela. Ẹni tí kò gba òǹtẹ̀ torí pé “ilé ni mò ń lọ” ń fi ìyà pamọ́ de ara rẹ̀, nítorí pé ìrìn-àjò mìíràn ń bọ̀, wọn yóò sì bi í pé níbo ló gbà wọlé. Káàdì yẹ́lò tí wọ́n fi ń jẹ́rìí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ìrìnnà rẹ. Má fi ìrẹsì ṣe ẹ̀bùn fún ará ilé: láti 2016 ni ìjọba ti ní kí wọ́n má gba ẹnubodè ilẹ̀ kó ìrẹsì òkèèrè wọlé. Òkirìkà náà wà lára ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù ń gbà. Aṣọ tìrẹ tí o ti wọ̀ kò kàn wọ́n.

Wọn yóò bi ọ́ ní owó ní ibì kan ṣá. Kí wọn dáadáa, jẹ́ kí ìwé rẹ pé, má kánjú. Ẹni tí wọ́n bá rí i pé ó ń kánjú ni wọ́n ń mú ní oníbàárà.

Láti Illela, ọkọ̀ kékeré ń gba Gwadabawa àti Kware lọ sí Sókótó, ọ̀nà náà kò tó 100 kìlómítà. Èdè kan náà ni ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ń sọ. Faransé nìkan ló dúró lẹ́yìn.

Ọjọ́ mẹ́wàá ní Sókótó

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, má ṣe nǹkan kan. Wẹ̀, fọ aṣọ, sùn. Àwọn ilé ìtura bíi Giginya àti Shukura wà fún ẹni tó lówó. Ìwọ wá èyí tó kéré tí àwọn oníṣòwò ń sùn sí, kí o sì dúnàádúrà iye ọ̀sẹ̀ kan pọ̀, má ṣe é ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Kí o tó sanwó, tan fáànù, ṣí ẹ̀rọ omi, béèrè wákàtí tí wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀. Ní oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, ooru ọ̀sán ń kọjá ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, yàrá tí kò bá sì ní afẹ́fẹ́ kò ṣe é sùn. Bí ẹ bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin tí ẹ kò fẹ́ra, ẹ gba yàrá méjì. Ìpínlẹ̀ tí òfin Ṣàríà ti ń ṣiṣẹ́ láti nǹkan bí ọdún 2000 ni ẹ wà. Ọtí náà, ẹ gbàgbé rẹ̀ títí ẹ ó fi dé Ìlọrin.

Ìlú tí wọ́n fètò tẹ̀dó ni Sókótó. Muhammad Bello ló kọ́ ọ ní 1809, nígbà tí ogun jíhàádì tí bàbá rẹ̀, Shehu Usman dan Fodio, dá sílẹ̀ ní 1804 ti borí Gobir. Ibùdó ogun ló kọ́kọ́ jẹ́, lẹ́yìn náà ló di olú-ìlú ìjọba tó fẹ̀ dé Ìlọrin. Ọmọ Yorùbá tó bá fẹ́ mọ ibi tí ẹ̀ka ìtàn Àfọ̀njá àti Álímì ti fà wá kò gbọdọ̀ gba ibí kọjá lójú oorun. Orúkọ ẹnu-ọ̀nà odi àtijọ́ ṣì wà lẹ́nu àwọn oní-Kẹ̀kẹ́: Kofar Rini, Kofar Atiku, Kofar Marke, Kofar Taramniya. Fi wọ́n ṣe àmì ọ̀nà rẹ, nítorí pé nọ́ńbà ilé kò ní ràn ọ́ lọ́wọ́.

Ibi tí mo fẹ́ kí o pẹ́ sí ni Hubbare, níbi tí ibojì Shehu wà. Ó kú ní 1817, ilé rẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí. Àwọn olùbẹ̀wò ń ti ọ̀nà jíjìn wá, títí kan Niger tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò. Nana Asma'u, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wà níbẹ̀ pẹ̀lú: akéwì tó ń kọ ní Fulfulde, Hausa àti Lárúbáwá, tó sì kó àwọn obìnrin jọ tí wọ́n ń lọ láti abúlé dé abúlé kọ́ àwọn obìnrin yòókù. 1864 ló kú. Bọ́ bàtà, bo ara, sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí o sì jẹ́ kí olùtọ́jú ibẹ̀ ṣáájú. Ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí lè béèrè ibi tí òun lè dé. Wọ́n á sọ fún un láìbínú. Bí o bá ń fi nǹkan sílẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni.

Ààfin Sultan kò jìnnà sí ibẹ̀. Wò ó láti ìta, má sì ya fọ́tò àwọn ẹ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni fún sójà, ọlọ́pàá àti gbogbo ibi àyẹ̀wò ọkọ̀. Àwọn tó fẹ́ràn ìwé àtijọ́ lè lọ sí Waziri Junaidu History and Culture Bureau, níbi tí wọ́n ń tọ́jú àwọn ìwé àfọwọ́kọ ayé Kálífà. Kọ lẹ́tà kékeré kan tó ṣàlàyé ẹni tí o jẹ́, mú un dání. Ní Sókótó, ìwé pélébé yẹn ń ṣí ilẹ̀kùn tí ẹ̀bẹ̀ kò lè ṣí.

Surame, ìlú àwókù tí Kanta ti Kebbi kọ́, wà ní agbègbè Silame. Mo ti sọ̀rọ̀ Silame tẹ́lẹ̀. Má lọ. Argungu, níbi ayẹyẹ ìpẹja tí UNESCO fi sínú ìwé àjogúnbá rẹ̀ ní 2016, wà ní ìpínlẹ̀ Kebbi. Bí àkókò rẹ bá bá ti ayẹyẹ náà mu, bá èrò tó pọ̀ lọ, kí o sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọjà ni iṣẹ́ àárọ̀. Iná jó apá púpọ̀ nínú ọjà ńlá ìlú ní oṣù kìíní 2021, ṣùgbọ́n oníṣòwò kì í fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún eérú. Ọjà Kara ti àwọn ẹran ni kí o lọ wò ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó gba agbára: màlúù, ràkúnmí, àgùntàn, àti ewúrẹ́ pupa Sókótó. Awọ ewúrẹ́ pupa yìí ló fi aginjù sọdá lọ sí Àríwá Áfíríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí àwọn Òyìnbó sì ń pè é ní awọ Morocco torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rà á. Bí ó bá ṣe pé nǹkan kan ṣoṣo ni o máa rà ní gbogbo ìrìn-àjò yìí, ra awọ: bẹ́líìtì, àpò, ìrọ̀rí ìjókòó tí wọn kò tíì ki nǹkan sí nínú. Gbọ́ òórùn rẹ̀ kí o tó sanwó. Awọ tí wọn kò ṣe dáadáa yóò máa rùn, yóò sì ba gbogbo aṣọ inú àpò rẹ jẹ́ kó o tó dé Ìbàdàn.

Oúnjẹ kò ní jẹ́ kí owó rẹ tètè tán. Tuwo àti miyan kuka, tí a fi lúúrú ṣe, kì í ṣe àjèjì sí ẹnu Ọ̀yọ́. Masa wà láàárọ̀, awara àti kosai (àkàrà ni o) wà ní ìrọ̀lẹ́, balangu sì wà fún ọjọ́ tí ara bá ń béèrè ẹran. Fura da nono dùn, ó sì ń tutù, ṣùgbọ́n wo ẹni tó ń tà á àti omi tó fi pò ó. Ọjọ́ Jímọ̀, ṣọ́ọ̀bù á tì lọ́sàn-án. Jẹun kí ó tó tó àkókò ìrun. Tó bá jẹ́ oṣù Ramadan lo wọlé, ra oúnjẹ ọ̀sán sílẹ̀ láti òru, kí o sì jẹ ẹ́ nínú yàrá.

Ọ̀nà tí o gbà ń pe ènìyàn ṣe pàtàkì ju Hausa tí o mọ̀ lọ. Ní Èkó, ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ Hausa ni a ń pè ní Àbókí. Fi í sílẹ̀ ní Èkó. Àgbàlagbà tó ń ta dàbínù fún ọ, Baba tàbí Alhaji ni, ọkùnrin tí o kò mọ ipò rẹ̀, Mallam, ìyá, Hajiya. Kọ́kọ́ kí i kí o tó béèrè nǹkan: “Ina kwana” láàárọ̀, “Ina wuni” lọ́sàn-án, kí o dúró gbọ́ ìdáhùn. Àwa tí a ń dọ̀bálẹ̀, tí a ń kúnlẹ̀, kò yẹ kí èyí nira fún wa. Obìnrin, bo orí, wọ aṣọ tó gùn. Ọkùnrin, fi ṣòkòtò péńpé sílẹ̀ nínú àpò.

Ohun kan wà tí mi ò ní fi ṣàwàdà. Má bá ẹnikẹ́ni jiyàn ẹ̀sìn, lójúkojú tàbí lórí WhatsApp, kódà bí ó bá jẹ́ ọ̀rẹ́ tuntun ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2022, àwọn jàǹdùkú pa akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ní Shehu Shagari College of Education nítorí ohun tó sọ lórí WhatsApp kíláàsì rẹ̀. Àwọn ará ìlú tó pọ̀ ló bínú sí ìpànìyàn náà, Sultan pẹ̀lú bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Àmọ́ inú ń tètè bí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn, àlejò ni ọ́, o kò sì mọ ẹni tó ń gbọ́.

Bí ilé bá ń ṣe ọ́, kò jìnnà. Àwọn àgùnbánirọ̀ láti ilẹ̀ Yorùbá ń wá sí àgọ́ Wamakko, àwọn mìíràn ń ṣiṣẹ́ tàbí ń kàwé ní Yunifásítì Usmanu Danfodiyo àti ilé-ìwòsàn ìkọ́ni rẹ̀. Wọ́n mọ ilé tí a ti ń ta àmàlà. Lọ lẹ́ẹ̀kan, jẹ ẹ́, gbọ́ ìròyìn ilé, ṣùgbọ́n má fi gbogbo ọjọ́ mẹ́wàá jókòó tì wọ́n.

Ara

Ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ ká mọ bí òpin ìrìn-àjò ṣe ń rí ní Sókótó ni Hugh Clapperton, ará Scotland. Ó kúrò ní Badagry ní oṣù kejìlá 1825, ó gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá, ó dé ọ̀dọ̀ Aláàfin ní Ọ̀yọ́ Ilé, ó sì wọ Sókótó ní oṣù kẹwàá 1826. Ó fẹ́ lọ sí Bornu, ṣùgbọ́n ogun wà láàárín Bornu àti Bello, wọn kò jẹ́ kó lọ. Ó dúró, ó ń dúró, ara rẹ̀ sì ń yẹ̀. Ìgbẹ́ ọ̀rìn pa á ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin 1827, nínú ooru tó burú jù lọ lọ́dún. Ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, Richard Lander, sin ín sí abúlé kan nítòsí ìlú, ó sì padà dá ọ̀nà náà rìn dé Badagry.

Oògùn tí kò sí nígbà náà wà lónìí. Ìgbẹ́ gbuuru ni kí o kọ́kọ́ ṣọ́ra fún: ní sáṣẹ́ẹ̀tì iyọ̀-àti-ṣúgà mẹ́fà nínú àpò, má dúró di ìgbà tí ojú bá ń ṣú ọ kí o tó pò ó. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí ibà bá tẹ̀lé e, ilé-ìwòsàn ni, kì í ṣe kẹ́mísìtì. Ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, àrùn tí Hausa ń pè ní sankarau, tó ń mú ọrùn le gbagidi, máa ń jà ní gbogbo agbègbè yìí. Ní 2017 ó pa ènìyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ní Nàìjíríà, Zamfara àti Sókótó wà lára ibi tó ti jà jù. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà. Gbà á kí o tó kúrò nílé, kì í ṣe nígbà tí o bá dé ibẹ̀. Má rìn láàárín agogo méjìlá sí mẹ́rin ọ̀sán. Àwọn onílé kì í rìn nígbà náà, wọ́n mọ ìdí.

Ẹrù

Bó bá ku ọjọ́ mẹ́ta, da àpò rẹ sílẹ̀ lórí ibùsùn. Ohun tí o kò tíì lò láti Lomé, fún ẹni tó lè lò ó. Bàtà tó ti ya, àwọn tó ń rán bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà á tún un ṣe kó lè gbé ọ délé. Awọ, dàbínù, kílíṣí àti alùbọ́sà tó pọ̀ ju ohun tí ẹ̀yìn rẹ lè gbé lọ, fi wéébìlì ránṣẹ́ láti gáréèjì: di í sínú Ghana-must-go, kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tí yóò gbà á sí ara rẹ̀ lọ́nà méjì, ya fọ́tò rẹ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀. Ìwé ìrìnnà, fóònù àti owó ìpamọ́ kò gbọdọ̀ wọ inú ẹrù wéébìlì láé. Kó fọ́tò ìrìn-àjò rẹ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣì dára. Fóònù tó bá sọnù lójú ọ̀nà Kontagora kò ní padà.

Ọ̀nà ilé

Èrò mi kò díjú: bí owó tí o fi pamọ́ sínú ṣòkòtò bá wà níbẹ̀ síbẹ̀, lò ó báyìí, wọ bàálù. Pápákọ̀ òfurufú Sókótó, tí wọ́n fi orúkọ Sultan Siddiq Abubakar III, tó jẹ fún àádọ́ta ọdún (1938 sí 1988), pè, ń gbé èrò lọ sí Abuja, láti ibẹ̀ ọ̀nà pọ̀ lọ sí Èkó, Ìbàdàn àti Àkúrẹ́. Wọ́n máa ń sún àkókò bàálù síwájú, nítorí náà má ra tíkẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́ẹ̀kejì tí àlàfo wọn kò tó wákàtí mẹ́fà.

Bí o bá gbọ́dọ̀ gba ilẹ̀, ọ̀nà tó sún mọ́ 1,000 kìlómítà ni dé Èkó: Tambuwal, Jega, Yauri, Kontagora, Mokwa, Jebba, Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìbàdàn. Ọ̀nà Gusau sí Funtua àti Zaria ni kí o má dán wò. Ọ̀nà Yauri náà kì í ṣe ti eré; ní oṣù kẹfà 2021 ni wọ́n jí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kó ní Federal Government College ní Birnin Yauri. Ọkọ̀ òru pọ̀ ní gáréèjì, owó wọn sì lè rọjú díẹ̀, àmọ́ kọ̀ wọ́n. Wọ ọkọ̀ tó máa gbéra bí ilẹ̀ bá ti mọ́, sùn ní Kontagora, kí o máa bọ̀ lọ́jọ́ kejì. Bó bá jẹ́ àkókò òjò, béèrè nípa Mokwa kí o tó sanwó: omíyalé tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní ìparí oṣù karùn-ún 2025 gbé ilé àti ènìyàn púpọ̀ lọ, ó sì ba ọ̀nà jẹ́. Nígbà tí o bá sọdá Odò Ọya ní Jebba, èyí tó le ti dẹ̀yìn, ó ku ọ̀rọ̀ go-slow.

Fi orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀, nọ́ńbà ọkọ̀ àti wákàtí tí ẹ ó gbéra ránṣẹ́ sí ẹnì kan nílé, kí o sì sọ wákàtí tó yẹ kí wọ́n gbúròó rẹ. Kí o pè wọ́n kí o tó kúrò ní Sókótó o, kì í ṣe ìgbà tí o bá dé Ìlọrin.